Jerome tàbí Bisbee: ìfiwéra ìlú awakùsà méjì tó di ìlú oníṣẹ́ ọnà

Àwọn ará wa tó ń gbé ní Phoenix, àti àwọn tó ń ti Houston tàbí Dallas wá kí ẹbí níbẹ̀, sábà máa ń bi mí léèrè pé, bí àwọn bá ní òpin ọ̀sẹ̀ kan ṣoṣo, èwo ni kí àwọn lọ wò nínú Jerome àti Bisbee. Ìpínlẹ̀ Arizona ni méjèèjì wà, orí òkè ni wọ́n tẹ méjèèjì dó sí, bàbà ni wọ́n sì ń wà nínú ilẹ̀ ibẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Nígbà tí iléeṣẹ́ awakùsà kó ẹrù rẹ̀, àwọn ayàwòrán, àwọn amọ̀kòkò àti àwọn tó ń fi fàdákà ṣe ohun ọ̀ṣọ́ ló wá kún inú ilé tó fi sílẹ̀. Ẹni tó bá gbọ́ ìtàn yìí lókèèrè yóò rò pé ìbejì ni àwọn ìlú náà. Wọn kì í ṣe ìbejì rárá, ẹni tó bá sì lọ sí èyí tí kò bá a lára mu yóò padà wálé pẹ̀lú ẹsẹ̀ ríro àti owó epo tó ti jóná lásán.

Kí n má fi ibi tí ọkàn mi fì sí pamọ́: Bisbee ni èmi fẹ́ràn jù. Síbẹ̀, Jerome ni mo máa ń júwe fún èèyàn tó pọ̀ jù, nítorí pé ohun tí èmi ń wá nínú ìrìn àjò kọ́ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń wá, ìwọ̀nba àkókò tó wà lọ́wọ́ wọn kò sì gbà wọ́n láyè láti wá a.

Èyí tó kú tó jí, àti èyí tó kàn ṣàìsàn

Ní 1876 ni àwọn èèyàn kọ́kọ́ sàmì sí ilẹ̀ tí wọ́n fẹ́ wà ní Cleopatra Hill, níbi tí Jerome wà lónìí. Iléeṣẹ́ United Verde dé ní 1883, wọ́n sì fi orúkọ Eugene Jerome, ọ̀kan nínú àwọn olówó New York tó fi owó sínú iṣẹ́ náà, sọ ìlú. William A. Clark, olówó iṣẹ́ ìwakùsà kan, ra iléeṣẹ́ náà ní 1888, ibẹ̀ ló sì ti kó owó rẹpẹtẹ jọ. Nínú àwọn ọdún 1920, iye àwọn tó ń gbé Jerome ju 10,000 lọ. Nígbà tí wọ́n ti ibi ìwakùsà náà pa ní 1953, àwọn tó ṣẹ́kù kò tó 100. Ọdún yẹn kan náà ni àwọn díẹ̀ tó kọ̀ láti kó lọ dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀, Jerome Historical Society, wọ́n ń gba ilé sábẹ́ ìtọ́jú wọn kí ẹnikẹ́ni má bàa wó o nítorí pákó àti bíríkì, wọ́n sì ń polówó ìlú wọn fún arìnrìn-àjò gẹ́gẹ́ bí ahoro. Inú ahoro yẹn ni àwọn ọ̀dọ́ oníṣẹ́ ọnà já sí ní ìparí àwọn ọdún 1960 àti nínú àwọn ọdún 1970, nígbà tí ilé kò wọ́n tí kò sì sí ẹni tó ń yẹ èèyàn lọ́wọ́ wò.

Ọ̀rọ̀ Bisbee kò rí bẹ́ẹ̀. Ní 1880 ni wọ́n dá a sílẹ̀, orúkọ adájọ́ DeWitt Bisbee, tó fi owó sínú ibi ìwakùsà Copper Queen, ni wọ́n sì fún un. Iléeṣẹ́ Phelps Dodge ló di ọba ibẹ̀ lẹ́yìn náà. Bàbà tí wọ́n wà jáde nínú ilẹ̀ Bisbee fẹ́rẹ̀ẹ́ tó bílíọ̀nù 8 pọ́n-ùn ní ìwọ̀n, yàtọ̀ sí wúrà àti fàdákà tó bá a jáde. Ní 1974 ni iṣẹ́ dúró ní Lavender Pit, ihò gbangba tó wà létí ìlú. Ní 1975, ti abẹ́ ilẹ̀ náà parí. Èèyàn púpọ̀ lọ, ilé di pọ́ọ́kú, àwọn oníṣẹ́ ọnà sì dé. Ṣùgbọ́n láti 1929 ni Bisbee ti jẹ́ olú ìlú Cochise County, ilé ẹjọ́ àti ọ́fíìsì ìjọba kò sì bá awakùsà lọ. Jerome kú kó tó jí. Bisbee kò kú rí, àìsàn ló ṣe.

Ìyàtọ̀ yìí ló bí gbogbo ìyàtọ̀ yòókù. Nígbà ìkànìyàn 2020, èèyàn 464 ni wọ́n kà ní Jerome, 4,923 ni wọ́n kà ní Bisbee. Bí ẹ bá dé Jerome ní ọ̀sán Sátidé, àlejò ló máa pọ̀ ju onílé lọ, gbogbo ilẹ̀kùn tó ṣí sí ojú títì ló sì ń dúró de yín. Ní Bisbee, ẹ lè jókòó níbi tí wọ́n ti ń ta kọfí, kí lọ́yà tó ń lọ sílé ẹjọ́ wà lápá ọ̀tún yín, kí ayàwòrán tí ọ̀dà ṣì wà léèékánná rẹ̀ wà lápá òsì, kí àwọn méjèèjì sì máa sọ̀rọ̀ omi ẹ̀rọ tí kò yọ. Èyí ni mo ń sọ nígbà tí mo bá ní Bisbee wù mí. Ẹni tó bá fẹ́ ibi tí gbogbo nǹkan ti wà létòlétò fún àlejò, kò ní rí ìdí tí ọ̀rọ̀ omi ẹ̀rọ fi dùn mọ́ mi.

Ọ̀nà, òkè àti àtẹ̀gùn

Láti Phoenix, Jerome tó nǹkan bí máìlì 110, wákàtí méjì sì máa ń tó o. Bisbee ju 200 máìlì lọ, ó ń lọ sí wákàtí mẹ́ta àti ààbọ̀ bí ẹ bá yà mu omi lọ́nà. Bí ó bá jẹ́ Tucson lẹ wà, ìṣirò náà yí padà, nítorí pé Bisbee kò ju nǹkan bí máìlì 95 lọ sí ibẹ̀. Ẹni tó bá ti wà ní Sedona tẹ́lẹ̀ kò ní láti ronú jìnnà, nítorí pé Jerome kò tó wákàtí kan síbẹ̀.

Ọ̀nà 89A ló wọ Jerome. Bí ẹ bá gba apá Clarkdale gòkè, kò le. Bí ẹ bá gba apá Prescott, tó kọjá lórí Mingus Mountain, kọ́nà lé kọ́nà ni, ẹni tí mọ́tò máa ń bì kò gbọ́dọ̀ jókòó sẹ́yìn. Nígbà tí ẹ bá ń sọ̀ kalẹ̀, ẹ lo jíà kékeré, ẹ má tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀ títí tí yóò fi máa rùn. Ọ̀nà 80 tó lọ sí Bisbee tẹ́jú jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó sì gba inú òkè kọjá ní Mule Pass Tunnel. Bí ẹ bá ti yọ lódì kejì, ìlú náà ti wà nísàlẹ̀ yín, ilé lórí ilé.

Ibi tí Bisbee ti ń gbẹ̀san ni àtẹ̀gùn. Àfonífojì ni ìlú náà wà, àwọn awakùsà sì kọ́ ilé wọn gun ẹ̀gbẹ́ òkè lọ, débi pé àtẹ̀gùn kọnkéré, tí ìjọba àpapọ̀ gbé iṣẹ́ púpọ̀ nínú rẹ̀ jáde nínú àwọn ọdún 1930 láti fún àwọn aláìríṣẹ́ ní iṣẹ́, ni òpópónà fún ọ̀pọ̀ ilé títí dòní. Ní oṣù Ọ̀wàrà, wọ́n máa ń sáré ìdíje kan níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Bisbee 1000, níbi tí àwọn olùdíje ti ń gun àtẹ̀gùn mẹ́sàn-án ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ tí ìṣísẹ̀ rẹ̀ lápapọ̀ ju 1,000 lọ.

Èmi náà sáré tèmi, láìgba àmì-ẹ̀yẹ. Ilé kan tí mo gbà lórí íntánẹ́ẹ̀tì nígbà àkọ́kọ́ tí a sùn ní Bisbee kò kọ ọ́ síbì kankan pé mọ́tò kò lè dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀. A gbọ́kọ̀ sísàlẹ̀, mo ka ìṣísẹ̀ 83 kí n tó kan ilẹ̀kùn, orí ni mo sì fi ru àpótí ìyàwó mi, nítorí pé táyà wẹ́ẹ́rẹ́ tó wà lábẹ́ rẹ̀ kò wúlò fún ohunkóhun lórí kọnkéré tó ti sán. Ìyá ìyàwó mi, tó bá wa lọ, jókòó sí ìdajì ọ̀nà, wọ́n ní kí a gbé ẹ̀bà àwọn wá síbẹ̀. Ẹni tó ni ilé náà, nígbà tí mo pè é, fèsì pé gbogbo ayé ló mọ̀ pé Bisbee ní àtẹ̀gùn. Láti ọjọ́ náà, ìbéèrè àkọ́kọ́ tí mo máa ń bi onílé ni pé: ìṣísẹ̀ mélòó ló wà láti ibi ìgbọ́kọ̀sí dé ẹnu ilẹ̀kùn? Bí ẹ bá mú àgbàlagbà lọ, ẹ wá òtẹ́ẹ̀lì tó wà lójú títì. Copper Queen Hotel, tí wọ́n ti kọ́ láti 1902, wà ní àárín gbùngbùn ìlú.

Jerome náà da gẹ̀ẹ́rẹ́gẹ̀ẹ́rẹ́, àmọ́ àwọn ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kò tú ká jìnnà, ẹ sì lè fi wákàtí mẹ́ta rí èyí tó pọ̀ jù nínú wọn.

Wíwọ inú ilẹ̀

Bí ó bá jẹ́ pé ohun tí iṣẹ́ awakùsà jẹ́ gan-an lẹ fẹ́ mọ̀, ìfiwéra parí síbí, Bisbee ló borí. Láti 1976, ọdún kan péré lẹ́yìn tí iṣẹ́ parí, ni wọ́n ti ń mú àlejò wọ inú Queen Mine. Wọ́n á fún yín ní akoto, aṣọ àwọ̀lékè àti iná, ẹ ó sì la ẹsẹ̀ méjèèjì jókòó sórí ọkọ̀ ojú irin kékeré bí ẹni gun ẹṣin, yóò sì gbé yín wọ inú òkè lọ ní nǹkan bí 1,500 ẹsẹ̀ bàtà. Ìwọ̀n 47 ti Fahrenheit ni inú ibẹ̀ máa ń wà yípo ọdún, nítorí náà ẹni tó bá wọ bùbá léńjé wá láti Phoenix nínú oṣù Agẹmọ yóò gbọ̀n bí ewé. Ẹ mú súwẹ́tà dání.

Ohun tó wà lọ́kàn mi jù nínú rẹ̀ kéré lójú. Ẹni tó mú wa wọlé tan iná sára ògiri àpáta kan tí wọ́n ti lu ihò wẹ́ẹ́rẹ́wẹ́ẹ́rẹ́ sí láti ki ẹ̀tù bọ inú wọn, ó sì ṣàlàyé fún wa pé ti àárín ni wọ́n máa ń jẹ́ kó kọ́kọ́ bú, kí àyè lè wà tí òkúta yòókù yóò wó sí, tí ti ẹ̀gbẹ́ yóò fi tẹ̀ lé e, tí ti ìsàlẹ̀ yóò sì kẹ́yìn láti tú òkìtì náà ká. Bí ètò yìí bá yí, àpáta kò ní fọ́ dáadáa, tàbí kí ẹ̀tù tí kò bú ṣẹ́kù síbẹ̀ de ẹni tó ń bọ̀ lọ́la. Lẹ́yìn náà ló fi ilé ìgbẹ́ awakùsà hàn wá, kẹ̀kẹ́ irin kan tó ní ihò ìjókòó méjì tí wọ́n ń tì lórí irin, àti kẹ̀kẹ́ ológeere tí ọ̀gá iṣẹ́ fi ń yípo lórí irin kan náà. Ọmọ mi béèrè bóyá àwọn méjì máa ń jókòó síbẹ̀ pọ̀. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, ibẹ̀ sì ni wọ́n ti ń gbọ́ gbogbo ìròyìn ìlú.

Ní Jerome, òkè lẹ ó dúró sí wo ìsàlẹ̀. Ní Audrey Shaft, wọ́n fi gíláàsì nípọn bo ẹnu kànga ìwakùsà tó jìn tó 1,900 ẹsẹ̀ bàtà, wọ́n sì tan iná sínú rẹ̀. Ẹ lè dúró lórí gíláàsì náà bí àyà yín bá gbà. Tèmi kò gbà, etí ni mo dúró sí. Ilé ńlá tí ìdílé Douglas, tó ni ibi ìwakùsà náà, kọ́ ní 1916 wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó sì ti di Jerome State Historic Park láti 1965. Àwòṣe kan wà níbẹ̀ tó fi gbogbo ihò abẹ́ ìlú hàn, ẹni tó bá sì rí i kò ní ya ẹnu mọ́ pé ilé ń yọ̀ kúrò láyè rẹ̀ ní Jerome. Ẹ̀wọ̀n ìlú náà ti rìn ju 200 ẹsẹ̀ bàtà lọ kúrò níbi tí wọ́n kọ́ ọ sí, nítorí pé ilẹ̀ tí ẹ̀tù abẹ́ rẹ̀ ti mì tìtì kò lè gbé e dúró mọ́. Ọgbà ẹ̀wọ̀n ló kọ́kọ́ sá lọ. Jerome Grand Hotel tó wà lókè pátápátá ti jẹ́ ilé ìwòsàn iléeṣẹ́ United Verde rí, tí wọ́n ṣí ní 1927. Àwọn tó fẹ́ràn ìtàn iwin máa ń sùn síbẹ̀ nítorí rẹ̀, ẹ̀yin lẹ mọ̀.

Ẹni tó fẹ́ ra iṣẹ́ ọnà

Ní Jerome, ó rọrùn láti bá ẹni tó ṣe nǹkan pàdé. Àwọn oníṣẹ́ ọnà kan kó ara wọn jọ sí Jerome Artists Cooperative, níbi tí àwọn fúnra wọn ti ń jókòó ti ọjà, tó fi jẹ́ pé ẹni tó ń gba owó lọ́wọ́ yín lè jẹ́ ẹni tó ya àwòrán tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Ilé ẹ̀kọ́ gíga àtijọ́ tó wà nísàlẹ̀ ìlú náà ti di ilé iṣẹ́ ọnà, kíláàsì kan fún oníṣẹ́ kan. Ní alẹ́ Sátidé àkọ́kọ́ nínú oṣù, àwọn gálárì máa ń ṣílẹ̀kùn pẹ́. Iyì Jerome níbí ni pé ohun tí wọ́n ń tà sún mọ́ra: ìkòkò, gíláàsì, fàdákà àti àwòrán, gbogbo rẹ̀ láàárín ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Àbùkù rẹ̀ ni pé iye ṣọ́ọ̀bù tó ń ta aṣọ alákọlé àti máńgẹ́ẹ̀tì ara fíríìjì ń pọ̀ sí i, owó tí wọ́n sì ń bù lé nǹkan jẹ́ owó ibi ìgbafẹ́.

Ní Bisbee, ẹ ní láti rìn kí ẹ tó rí. Main Street àti Brewery Gulch ni ẹ ó ti bẹ̀rẹ̀, ẹ sì wo ilé ẹ̀kọ́ àtijọ́ tí wọ́n kọ́ ní 1905, Central School, tí àwọn ayàwòrán àti àwọn akọrin ti sọ di ibi iṣẹ́. Tiwọn ni alẹ́ Sátidé kejì nínú oṣù. Ohun tí ẹ kò ní rí níbòmíràn ni òkúta aláwọ̀ aró tí wọ́n ń pè ní Bisbee Blue, èyí tó bá bàbà jáde nínú ihò, tí ọ̀pọ̀ awakùsà sì fi àpò oúnjẹ kó lọ sílé. Níwọ̀n bí ibi ìwakùsà ti padé, èyí tó wà nílẹ̀ kò pọ̀ mọ́. Bí ẹnikẹ́ni bá tà á fún yín ní pọ́ọ́kú, ẹ fura. Ẹ béèrè ọwọ́ ẹni tó ti rí i, kí ẹ sì gba ìwé ẹ̀rí rírà. Ní ti ìnájà, a kì í ná ọjà níbẹ̀ bí a ṣe ń ná an nílé, ṣùgbọ́n bí ẹ bá fẹ́ ra nǹkan méjì lọ́wọ́ ẹni tó ṣe é gan-an, kò sí èèwọ̀ nínú kí ẹ fi sùúrù béèrè ohun tó lè yọ kúrò. Wọ́n ti yọ ọ́ fún mi lẹ́ẹ̀mejì.

Ọ̀rọ̀ kan tí gálárì kì í sọ

Ní oṣù Agẹmọ 1917, àwọn awakùsà wà lẹ́nu ìyanṣẹ́lódì ní ìlú méjèèjì. Ní Jerome, lọ́jọ́ kẹwàá oṣù náà, wọ́n kó àwọn òṣìṣẹ́ tó lé ní 60 sínú ọkọ̀ ojú irin, wọ́n sì lé wọn jáde. Ọjọ́ méjì lẹ́yìn rẹ̀, ní Bisbee, Sheriff Harry Wheeler kó nǹkan bí 2,000 ọkùnrin agbébọn jọ, wọ́n kó àwọn èèyàn tó tó 1,200 láti inú ilé wọn lọ sí pápá ìṣeré Warren, wọ́n sì fi ọkọ̀ ẹran kó wọn lọ sí aginjù New Mexico. Púpọ̀ nínú wọn jẹ́ àjèjì, láti Mẹ́síkò àti ìlà oòrùn Yúróòpù. Mo ń mẹ́nu kàn án nítorí pé ó jẹ́ ara ohun tí mo fi ń wọn ìlú méjèèjì. Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Bisbee, tó wà nínú ọ́fíìsì àtijọ́ ti Phelps Dodge gan-an, ń sọ ìtàn náà, pápá Warren ṣì wà níbẹ̀ tí wọ́n ń gbá bọ́ọ̀lù, àwọn ará ìlú sì tún ìṣẹ̀lẹ̀ náà ṣe ní gbangba nígbà tó pé 100 ọdún. Ní Jerome, iwin ni ẹ ó gbọ́ ìtàn rẹ̀ jù.

Ta ni kó lọ síbo?

Bí ọjọ́ kan ṣoṣo lẹ ní, tí Phoenix jẹ́ ibi tí ẹ ti ń bọ̀, ẹ gba Jerome, kí ẹ sì kúrò nílé láago méje kí ibi ìgbọ́kọ̀sí má bàa kún. Bí ẹ bá ń mú àlejò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ilé dé, Jerome náà ni, nítorí pé bí ẹ bá ti dúró ní etí títì, gbogbo àfonífojì Verde ló wà lábẹ́ yín títí dé àpáta pupa Sedona, fọ́tò yẹn nìkan ti tó owó epo. Tọkọtaya tó fẹ́ mu wáìnì yóò gbádùn Jerome pẹ̀lú; olórin Maynard James Keenan ní wáìnì tirẹ̀ níbẹ̀.

Bí ẹ bá ní alẹ́ méjì, tí àwọn ọmọ yín ti dàgbà tó láti béèrè ìbéèrè, tàbí tí ẹ̀yin fúnra yín jẹ́ oníṣẹ́ ọnà tó fẹ́ mọ bí èèyàn ṣe ń fi iṣẹ́ náà gbé ìlú, Bisbee ni. Alẹ́ kan kò tó o; ọjọ́ kejì ni ìlú náà máa ń ṣẹ̀ṣẹ̀ dá yín mọ̀.

Fún ẹni tí orúnkún ń yọ lẹ́nu, n kò ní fi méjèèjì tàn án jẹ. Madrid ní New Mexico, níbi tí wọ́n ti ń wa èédú tẹ́lẹ̀, wà lẹ́bàá ọ̀nà kan ṣoṣo tó tẹ́jú díẹ̀, nǹkan bí máìlì 25 sí Santa Fe. Ní 1954 ni ẹni tó ni ín polówó gbogbo ìlú náà, tòun ti ilé, ní 250,000 dọ́là, kò sì sẹ́ni tó rà á. Nínú àwọn ọdún 1970 ni ọmọ rẹ̀ wá ń ta ilé ibẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan fún àwọn oníṣẹ́ ọnà. Ibẹ̀ kéré, ó sì ṣe jẹ́jẹ́.

Ohun kan kù fún ẹni tó bá yan Bisbee. Nítorí pé ẹnubodè Mẹ́síkò kò jìnnà, àwọn ẹ̀ṣọ́ ẹnubodè Amẹ́ríkà máa ń dá ọkọ̀ dúró lójú ọ̀nà tó padà sí ìhà àríwá, wọ́n á sì béèrè bóyá ọmọ ìlú ni yín. Ìbéèrè náà kì í pẹ́ bí ìwé bá wà lọ́wọ́. Green card gidi ni kí ẹ mú dání, kì í ṣe fọ́tò rẹ̀ nínú fóònù, kí àwọn tó jókòó sẹ́yìn sì ti ní tiwọn nítòsí kí ẹ tó dé ibẹ̀, nítorí pé àpò tó wà ní búùtù kò ṣeé ṣí níwájú wọn.